Ìsinmi Ìtọ́mọ Alága Ẹgbẹ́ Lepassaar

Ìka tí símẹ́ǹtì ti gbẹ mọ́ ni Kaupo fi tẹ nọ́ńbà àṣírí rẹ̀. Ẹ̀rọ ìjọba ronú díẹ̀, ó sì gbé iye owó ìtọ́mọ rẹ̀, owó tí ìjọba ń san fún òbí tó bá jókòó ti ọmọ, jáde sójú gbangba: owó tín-ín-tìn-ín. Kaupo rẹ́rìn-ín. Ó fa káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ yọ, ó fi etí ẹ̀wù nù ún, ó tún tì í bọ ojúhò rẹ̀. Iye kan náà ló tún jáde.

"Kí ló sọ?" Helve ìyàwó rẹ̀ bèèrè láìbojú wẹ̀yìn. Ó ń to apálá sínú ìgò, ó ń da omi iyọ̀ lé wọn lórí, nítorí oṣù kẹjọ ni, kò sì sí ilé tí wọn kì í rẹ apálá ní ìlú Viljandi lóṣù yẹn.

"Ẹ̀rọ wọn ti mutí yó."

"Láago mẹ́wàá àárọ̀?"

Kaupo tún fa káàdì náà yọ. Táìsì ló ń lẹ̀ fún àwọn ènìyàn sínú balùwẹ̀ àti sáúnà, yàrá ooru tí wọ́n ń jókòó sí láti làágùn, ó sì mọ iṣẹ́ náà, ká má purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n orúkọ tó lọ fi sílẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ rẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ni Ẹgbẹ́ Lepassaar. Ẹgbẹ́ o! Òun ni alága, òun ni òṣìṣẹ́, òun ni awakọ̀, òun náà ló ń gbálẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ bá parí. Síbẹ̀, bí oníbàárà bá pè é, á fọhùn sísàlẹ̀, á ní, "Ẹ jẹ́ kí n bá àwọn èèyàn mi sọ ọ́ ná." Àwọn èèyàn wo? Òun àti garawa.

Ọgbọ́n tó fi ń yangàn kò ju ẹyọ kan lọ. Owó oṣù tó kéré jù tí òfin gbà ló ń san fún ara rẹ̀, kí owó orí má baà pọ̀. Ìyókù, ó ń kó o gẹ́gẹ́ bí èrè onílé-iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, òfin kò sì mú wọn, ṣùgbọ́n àwọn yẹn mọ bí a ti ń panu mọ́. Kaupo kò mọ̀ ọ́n. Lọ́jọ́ Sátidé nínú sáúnà, Mihkel àbúrò Helve, tó ń wa bọ́ọ̀sì, ló máa ń fi ṣe ẹlẹ́yà.

"Ìwọ lò ń bọ́ ìjọba, Mihkel. Màlúù ni ẹ́. Wọ́n ń fún wàrà ẹ, o sì ń jẹ koríko lọ."

Lọ́dún tí Mihkel gbàyè lẹ́nu iṣẹ́ láti tọ́jú àwọn ìbejì rẹ̀, Kaupo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹ̀rín pa ara rẹ̀. Mihkel gbìyànjú láti ṣàlàyé pé owó orí tí òun ti ń san bọ̀ náà ló padà wá di owó ìtọ́mọ. Kaupo da omi sórí òkúta gbígbóná, ó ní, "Bọ́ọ̀sì ni kó o máa wà. Fi ìṣirò sílẹ̀ fún àwa tá a mọ̀ ọ́n."

Nígbà tí Helve wá fi àyẹ̀wò oyún hàn án, kò tíì dì mọ́ ìyàwó rẹ̀ dáadáa tó fi sáré lọ jókòó ti ẹ̀rọ. Ó gbé owó oṣù ara rẹ̀ sókè ní ìlọ́po mẹ́fà lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí owó oṣù ni ìjọba fi ń ṣírò owó ìtọ́mọ. Láti ìgbà náà títí di ọjọ́ ìkúnlẹ̀ ló fi ń san owó orí tó tóbi, tó ń ké bí ẹni tí wọ́n ń yọ eyín rẹ̀. "Ìjọba ló máa gbà mí síṣẹ́ ìtọ́mọ," ó ń sọ kiri. "Tí ọmọ bá ti pé oṣù mẹ́wàá, Helve á padà síta, èmi á jókòó, wọ́n á máa sanwó fún mi bí ọba."

Helve gbà á gbọ́. Dókítà ẹran ọ̀sìn ni, ó sì forúkọ sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ iṣẹ́ abẹ ẹṣin ní ìlú Tartu, ẹ̀kọ́ tí wọn kì í ṣe ju ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún mẹ́ta. Ọjọ́ Ajé yìí ló ń bẹ̀rẹ̀. Loore ọmọ wọn ti pé oṣù mẹ́wàá, ó ń sùn nínú yàrá.

Kaupo yọ́ bọ́ sẹ́yìnkùlé, ó fóònù Maimu, ìyá àgbàlagbà tó ń bá a kọ ìwé owó ilé-iṣẹ́.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Àwọn ìjọba yìí ti ṣàṣìṣe."

"Wọn ò ṣàṣìṣe kankan," ni Maimu wí. "Oṣù méjìlá tó ṣáájú oyún ni wọ́n ń wò. Wọn kì í ka oṣù oyún mọ́ ọn."

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi?"

"Mo kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ẹ. Àwòrán àtàǹpàkò lo fi dá mi lóhùn."

Kaupo rántí àtàǹpàkò náà.

"Torí àwọn ọlọ́gbọ́n bíi tìẹ ni wọ́n ṣe ṣòfin ọ̀hún bẹ́ẹ̀, ọmọ mi. O rò pé ìwọ nìkan lo máa sáré gbówó oṣù sókè lọ́jọ́ tí ìyàwó bá bì? Tó o bá sì máa jókòó ti ọmọ lóòótọ́, kọ ìwé ìgbàyè, kí n rí i fi sínú fáìlì. Ó dàbọ̀."

Nígbà tó padà wọlé, Mihkel ti dé pẹ̀lú garawa olú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá nínú igbó, ó jókòó sídìí tábìlì, ó ń fi ọ̀bẹ ha iyẹ̀pẹ̀ kúrò lára wọn. Kaupo ì bá ti fẹ́ kó má sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti débi tí kò ṣeé gbé mì.

"Helve, owó tìẹ ló pọ̀ ju tèmi lọ. Ìwọ tún rọ́jú jókòó fún ọdún kan sí i. Ẹṣin ò ní tán láyé. Èmi kọ́ ni mo sọ ọ́ o, ìṣirò ló sọ ọ́."

Helve de ìgò tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fún ìdérí rẹ̀ pinpin, kó tó yíjú sí i.

"Nígbà tí èrè ń wọlé, ìwọ lo gbọ́n. Ní báyìí, ìṣirò ló ṣe é."

"Mihkel, bá mi dá sí i jàre. Èló ni wọ́n ń san fún ẹ nígbà tìẹ?"

Mihkel sọ iye náà. Ìlọ́po méjì ti Kaupo ni. Kaupo dúró de ẹ̀rín àna rẹ̀, kó lè rí nǹkan bínú sí, ṣùgbọ́n Mihkel kò rẹ́rìn-ín. Ó mú olú mìíràn.

"Bọ́ọ̀sì lèmi ń wà, Bọ̀dá Kaupo," ó wí jẹ́jẹ́. "Èmi ò mọ ìṣirò."

Ìtìjú mú Kaupo dé etí. Helve nu ọwọ́ rẹ̀.

"Èrè ọdún mẹ́wàá ṣì wà ní báńkì, ebi ò ní pa wá. Mo ti sanwó yàrá ní Tartu. Bọ́ọ̀sì Mihkel ti aago mẹ́rin ọ̀la ni màá bá lọ. Kọ ìwé sí ọ̀gá ẹ."

"Ọ̀gá wo?"

"Alága Ẹgbẹ́ Lepassaar. Àbí òṣìṣẹ́ lè jókòó sílé láìgbàyè ni?"

Ó tún yíjú padà sí àwọn apálá rẹ̀. Kaupo jókòó. Ó kọ ọ́ pé: *Sí Alága. Èmi, Kaupo Lepassaar, òṣìṣẹ́ yín, ń tọrọ àyè láti tọ́jú ọmọ mi.* Ó tẹ nọ́ńbà àṣírí rẹ̀, ó sì fi tọwọ́ bọ ìwé náà. Ó wá ku kí alága fọwọ́ sí i.

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lókè. Ó mọ alága náà. Alága yìí kò jẹ́ kó sinmi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn fún ọdún mẹ́ta gbáko. Lọ́jọ́ tí orúnkún rẹ̀ wú, alága ní kó fi aṣọ dì í, kó padà sórí táìsì. Owó oṣù tó kéré jù lábẹ́ òfin ló ń san fún un, ó sì ń pè é ní ọgbọ́n. Bí Mihkel bá ní irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀, Kaupo ì bá fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí sáúnà á fi tutù. Ọdún mẹ́wàá ló ti fi sin ọkùnrin kan tí òun fúnra rẹ̀ kò jẹ́ fi ajá sí lọ́wọ́. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ìyá rẹ̀ a máa sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, Kaupo a sì máa rò pé àwọn ẹlòmíràn ló ń bá wí.

Ó tẹ nọ́ńbà náà lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ̀rọ ní alága ti gbà.

Nínú yàrá, Loore jí, ó figbe ta. Bí ìṣe rẹ̀, Kaupo gbójú sókè wo Helve. Helve ń da omi iyọ̀ sínú ìgò. Ó wo Mihkel. Mihkel ń ha olú. Ó tún jókòó fún ìṣẹ́jú kan, bí ẹni tó ń retí kí ilé-iṣẹ́ rán ẹnì kan wá. Igbe náà ròkè sí i.

Kò sí ẹlòmíràn nínú Ẹgbẹ́ náà. Kaupo dìde.