Bí Ọláoyè Ṣe Ṣàlàyé "Mercurial"

Bí mo bá sọ fún yín pé ìwé ẹ̀sùn kan tí kò lórúkọ dé ọwọ́ àwọn aláṣẹ lọ́sẹ̀ tí wọ́n fẹ́ yan igbákejì ọ̀gá fún ilé-ìwé wa l'Adó, lọ́dún 1978, ẹ ó ti fura pé ọ̀kan nínú àwọn méjì tó ń du ipò náà ló kọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀gbẹ́ni Ọláoyè, tíṣà Gẹ̀ẹ́sì tí gbogbo ilé-ìwé ń pè ní "Díkíṣọ́nárì", tó ti ń retí ipò yìí fún ọdún mọ́kànlá, ló kọ ọ́ nípa Ìyáàfin Olúyẹ́misí.

Ó sì dọ́gbọ́n sí i. Kò tẹ̀ ẹ́ ní àdúgbò Fájuyì l'Adó, níbi tí gbogbo atẹ̀wé ti mọ̀ ọ́n. Ìkẹ́rẹ́ ló gbà lọ. Ó kọ ọ́ bí ẹni tí kò kàwé púpọ̀: obìnrin náà kì í dúró sójú kan, Áńgílíkà ni lọ́dún Àjíǹde, ó ti di Àládùúrà kí Kérésì tó dé. Ó kù díẹ̀ kó parí ni ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yún un. Ó fi ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì líle kan ṣoṣo sí i, "mercurial". Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ ọn lẹ́nu títí ó fi padà dé Adó.

Lọ́jọ́ tí wọ́n pè é fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ó wọ sàfárì aláwọ̀ eérú. Ìyáàfin Àyọ̀kẹ́, alága ìgbìmọ̀, tó ti ṣe alábẹ̀wò ilé-ìwé rí, dojú ìwé kan dé sórí tábìlì.

"Ọ̀gbẹ́ni Ọláoyè, ṣé o mọ nǹkan kan nípa ìwé yìí?"

"Rárá, mà."

"Wọ́n fẹ̀sùn kan ẹni tí ẹ jọ ń du ipò. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan wà níbẹ̀, fún ẹni tó ń yí padà ṣáá. Kò yé wa."

Ọláoyè gbé ìtumọ̀ tó ti dé ẹnu rẹ̀ mì. Ẹ bá mi kí i, kò rọrùn fún un.

Bàbá Ọlátúbọ̀sún, ọmọ ìgbìmọ̀ tó jókòó ti alága, bú sẹ́rìn-ín. "Díkíṣọ́nárì! Àbí wọ́n ti ya lára ewé ẹ ni? Bí o ò bá mọ̀, máa lọ ulé jàre."

"Mi ò... mi ò rí ìwé náà, sà."

"Kò burú," ni alága wí. "Ìyáàfin Olúyẹ́misí ti là á yé wa láàárọ̀. Ó ní Látìnì ni, pé 'láti yí padà' ni gbòǹgbò rẹ̀. Obìnrin yẹn mà mọ̀wé o! A ti kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Ọláoyè di apá àga mú. Ó wo ẹnu ọ̀nà. Ká ní ó dìde nígbà yẹn ni.

"Rárá o, mà! 'Mutable' nìyẹn! 'Mercurial' ò bá a tan rárá. Òrìṣà àwọn ará Róòmù kan ló ń jẹ́ Mercury, òjíṣẹ́ tó ní ìyẹ́ lẹ́sẹ̀, alábòójútó oníṣòwò àti olè. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fún ìràwọ̀ alárìnkiri tó yára jù. Òun náà ni wọ́n fún irin ṣíṣàn inú ẹ̀rọ tí nọ́ọ̀sì fi ń wo ibà, èyí tí kì í gbé ojú kan. Ibẹ̀ ló ti wá, mà!"

Ó fẹ̀yìn ti àga, ó tún kọ́là rẹ̀ ṣe. Bàbá Ọlátúbọ̀sún ò rẹ́rìn-ín mọ́. Alága ń kọ nǹkan.

Ìwé náà ṣì dojú dé. Látìgbà tí Ọláoyè ti wọlé, kò sí ẹlòmíràn tó tíì dárúkọ ọ̀rọ̀ náà.