Pọ́ǹpù Inú Táǹkì

Ọ̀gá Etígbọ́ ní òun ti yọ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ kan rí nígbà tí ọkọ̀ náà ń sáré lọ lójú títì. Ó ní òun fọ ẹ́ńjìnnì, òun sá a sóòrùn, òun sì dá a padà sáyè rẹ̀. Dírẹ́bà kò mọ nǹkan kan, àfi pé ó ní atẹ́gùn ọjọ́ náà tutù díẹ̀.

“Kódà, ó juwọ́ sí mi,” ni mẹkáníìkì náà fi kún un, ó fẹ̀yìn ti píkọ́ọ̀pù Ìyá Oníbúlọ́ọ̀kù.

Ìyá Oníbúlọ́ọ̀kù kò rẹ́rìn-ín. Iwájú ilé iṣẹ́ rẹ̀ ni wọ́n wà, láàárín àwọn búlọ́ọ̀kù tó ti gbẹ tí kò sí ohun tó máa gbé wọn lọ fún oníbàárà. Bàbá wọn ló fi píkọ́ọ̀pù náà sílẹ̀ fún òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin. Ó ti gbó débi pé ìpẹtà ara rẹ̀ ti ń hu ewú, bó bá sì wúkọ́, gbogbo ewúrẹ́ àdúgbò ló ń kí i pẹ̀lẹ́. Lẹ́nu ọjọ́ mélòó kan yìí, bí wọ́n bá yí kọ́kọ́rọ́, á jí dáadáa. Tó bá wá kan òkè, á dákẹ́ bí ẹni tí wọ́n bi ní ìbéèrè tí kò mọ̀. Tó bá sinmi tán, á tún jí.

Ẹ̀gbọ́n ti ránṣẹ́ pe àwọn tó ń ra irin àlòkù. Wọ́n tilẹ̀ ti dé, ọkùnrin méjì, wọ́n ti ń tú ṣéènì.

“Àbúrò mi, ó tó gẹ́ẹ́,” ni ẹ̀gbọ́n wí. “Ọ̀gá ní ẹ́ńjìnnì ti kú, ó ní ká tètè tà á. Jẹ́ kí wọ́n wọ́ ọ lọ. Wá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù mi, kó o máa bá mi ṣọ́ ọjà. Ibòji nìyẹn.”

“Bọ̀dá mi, ẹ ṣeun. Ibòji yín kò wù mí. Oòrùn tèmi ni mo fẹ́. Ẹni tó bá máa wọ́ ọkọ̀ yìí, kó kọ́kọ́ so èmi náà mọ́ ọn.”

“Títí dìgbà wo?”

“Ẹ ní kí wọ́n jókòó. Bí n kò bá rí ohun tó ń ṣe é lónìí, ẹ wọ́ ọ lọ. Èmi náà á tẹ̀lé yín lọ sí ṣọ́ọ̀bù, n kò ní ráhùn.”

Etígbọ́ bú sẹ́rìn-ín. “Ìyá, èmi tí mò ń fi etí lásán gbọ́ àìsàn ọkọ̀, mo ní ó ti kú. Kí lẹ tún fẹ́ wò?”

“Òkú tó ń jí láràárọ̀. Ẹ jẹ́ n wo irú rẹ̀.”

Ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè. Ó kọ́kọ́ ṣí ìdérí táǹkì, bóyá atẹ́gùn ni kò rọ́nà wọlé. Ẹ̀gbọ́n jókòó sídìí ọkọ̀, ó yí kọ́kọ́rọ́. Ọkọ̀ jí, ó tẹná mọ́ ọn, ọkọ̀ pariwo, ó dákẹ́. Kì í ṣe ìdérí. Obìnrin náà yọ rọ́bà tó ń gbé epo wọ kabúrétọ̀ tó ń po epo mọ́ atẹ́gùn fún ẹ́ńjìnnì, ó ki ẹnu rẹ̀ bọ ike kan, ó ní kí ẹ̀gbọ́n yí kọ́kọ́rọ́. Epo tú jáde fàà, fàà, ó wá di tó, tó, bí omijé ọmọ tó ti gbàgbé ohun tó ń tìtorí rẹ̀ sunkún.

“Ẹ ò rí i?” ni Etígbọ́ wí. “Ẹ̀jẹ̀ ti tán lára rẹ̀.”

“Epo kún táǹkì dẹ́múdẹ́mú. Ẹ̀jẹ̀ wo ló tán?”

Ó dá rọ́bà náà padà. Pọ́ǹpù tó ń fa epo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì. Ó yọ rọ́bà tó ti ọ̀dọ̀ táǹkì wá síbẹ̀, ó fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, ó sì ki ìdí ìyẹn bọ kẹ́ẹ̀gì epo.

“Bọ̀dá mi, ó yá.”

Ọkọ̀ jí. Wọ́n ń retí kó dákẹ́, kò dákẹ́. Ẹ̀gbọ́n tẹná mọ́ ọn títí, ó bú ramúramù, àwọn ẹyẹ orí wáyà sì fò lọ sí orílẹ̀-èdè mìíràn.

“Òkú yín rèé o!” ni obìnrin náà kígbe. “Ẹ bá mi kí i!”

Ẹ̀gbọ́n pa ọkọ̀, ó yíjú sí mẹkáníìkì. “Ọ̀gá, ẹ ṣe ní ó ti kú?”

“Pọ́ǹpù inú táǹkì ni mò ń wí! Ọkọ̀ yìí, pọ́ǹpù méjì ló ní. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi pààrọ̀ ti inú táǹkì lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mò ń gbọ́ igbe rẹ̀ báyìí. Wọn ò ṣe irú rẹ̀ mọ́ láyé.” Òógùn ti bò ó. “Ẹ má tú táǹkì yẹn o! Bí ẹ bá fọwọ́ kàn án, á bú gbàmù, orí òṣùpá la máa bá ara wa.”

“A ó jọ dé ọ̀hún ni.”

Ìyá Oníbúlọ́ọ̀kù fa epo inú táǹkì sínú kẹ́ẹ̀gì, ó wọ abẹ́ ọkọ̀, ó tú irin pẹlẹbẹ méjì tó gbé táǹkì dúró. Táǹkì sọ̀kalẹ̀. Ó ṣí ojú rẹ̀, ó fa ohun tó wà nínú rẹ̀ jáde: páìpù kan, àti ọ̀pá tó ń wọn epo. Asẹ́ kékeré tó wà ní ìdí páìpù náà ti dí, ìpẹtà àti ẹrẹ̀ ti dì mọ́ ọn pátápátá.

“Ohun tó ń fún un lọ́rùn rèé. Epo ń sẹ̀ gba ibí díẹ̀díẹ̀. Bó bá gun òkè, kò tó o mọ́.” Ó ki ọwọ́ bọ táǹkì dé ìgúnpá, ó tọ́ gbogbo kọ̀rọ̀ rẹ̀ wò. “Ọ̀gá, pọ́ǹpù dà?”

Etígbọ́ yọjú wo inú táǹkì. “Ó lè ti yọ́.”

“Irin yọ́?”

“Àbí olè ni?”

“Olè wẹ̀ nínú epo, ó tú pọ́ǹpù, ó wá pọn epo padà? Fi ibi tó o so ó mọ́ hàn mí! Níbo ni wáyà rẹ̀ gbà wọlé? Ọkọ̀ yìí kò ní pọ́ǹpù nínú táǹkì láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é. Kí lo pààrọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta tó o gbowó rẹ̀ lọ́wọ́ wa?”

“Ó mà ṣe o!” Ẹ̀gbọ́n fọwọ́ gbá àyà. “Ìyẹn ló ṣe ń kánjú kí wọ́n wọ́ ọkọ̀ bàbá mi lọ, ká má baà rí inú táǹkì!”

Ọ̀kan nínú àwọn oníṣéènì họrí. “Ẹ̀gbọ́n, ṣé kò wá sí ẹrù mọ́ nìyẹn?”

“Ó wà,” ni Ìyá Oníbúlọ́ọ̀kù dáhùn, ó fi asẹ́ ọwọ́ rẹ̀ tọ́ka sí Etígbọ́. “Ẹ so èyí. Àlòkù gidi ni.”

Kí ṣéènì tó dún, Etígbọ́ ti fò kọjá òkìtì yanrìn. Bàtà rẹ̀ kan kọ̀, ó ní òun ò lọ, Etígbọ́ kò sì dúró bẹ̀ ẹ́. Ẹ̀gbọ́n gbá tẹ̀lé e pẹ̀lú sípánà lọ́wọ́, ó ń pè é ní gbogbo orúkọ tí ìyá rẹ̀ kò sọ ọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa dé ìkóríta, eruku nìkan ló bá níbẹ̀, eruku náà gan-an ṣì ń sáré.