Ohun tí Fabiola Sọ Lójú Fèrèsé

"Dá a padà sẹ́yìn," ni Léon wí. "Dá a padà, Ìyá Fabiola. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ ọ."

Berthe tẹ rìmóòtù. Ọmọ wọn tún dé ojú fèrèsé inú tẹlifíṣọ̀n, ó gbé fóònù sétí, òjò ń rọ̀ lóde. Ètè rẹ̀ ń mì. Ohùn kan ń jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n wúyẹ́wúyẹ́ ni, bíi ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lójú oorun. Kó tó yé wọn, orin ti bò ó mọ́lẹ̀. Nísàlẹ̀ àwòrán, wọ́n kọ ọ́ lédè Faransé pé: "Bàbá, mo ń bọ̀ nílé lọ́la."

"Ohun tó ń sọ jù báyẹn lọ," ni Léon wí. "Wo ẹnu rẹ̀. Yorùbá wa ló ń sọ."

"Mo rí i, Bàbá Fabiola."

Ọdún tó kọjá ni Fabiola kú. Wọ́n parí fíìmù náà ní Kútọnu, kò sì ju ọjọ́ mẹ́sàn-án lọ lẹ́yìn rẹ̀ tí ọkọ̀ akẹ́rù kọlu zẹ́mì, ọ̀kadà tó gbé e. Léon kò fẹ́ kó ṣeré rárá. Ó ní òun kò rán ọmọ lọ sí yunifásítì kó lọ máa ṣeré kiri. Fún oṣù mẹ́rin tó ṣáájú ikú rẹ̀, bí ọmọ náà bá pè é, kì í gbé e.

Ní ọjọ́ Ajé ni ọ̀rẹ́ Fabiola kan mú fíìmù náà wá fún wọn ní Sakété, nínú kilé, fíláàṣì kékeré tí wọ́n ń kì bọ ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n. Ọmọ ọ̀dọ̀ tó ń pe bàbá rẹ̀ lórí fóònù ni Fabiola ṣe nínú rẹ̀. Ibi tó ti sọ̀rọ̀ kò tó ìṣẹ́jú kan. Láti ọjọ́ Ajé náà, Léon kò lọ sóko mọ́.

"Fíìmù ayé àtijọ́," ni Léon wí, "bí èèyàn bá wà nídìí ààrò, á gbọ́ gbogbo ẹ̀. Àwọn ti ìsinsìnyí, àfi bíi pé àṣírí ni wọ́n ń sọ."

"Ó lè jẹ́ pé télé wa ló bàjẹ́. Lọ́la, màá mú kilé náà tọ Ládiípọ̀ lọ ní Pobè."

Ládiípọ̀ ló ń tún tẹlifíṣọ̀n àti gbohùngbohùn ṣọ́ọ̀ṣì ṣe ní gbogbo agbègbè náà. Ó ki kilé náà bọ kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta, kó tó wá fi ẹ̀rọ ìgbọ́ran bo Berthe létí méjèèjì. Berthe di ojú.

Ó gbọ́ òjò. Ó gbọ́ "Bàbá." Lẹ́yìn náà ni orin dé. Àmọ́ láàárín méjèèjì, ohun kan wà níbẹ̀ tí kò gbọ́ nílé.

"Ó gbé itọ́ mì," ni Berthe wí. Omijé ti ń dà lójú rẹ̀. "Mo gbọ́ bó ṣe gbé itọ́ mì."

"Ìyá, télé yín ò ṣe nǹkan kan," ni Ládiípọ̀ wí jẹ́jẹ́. "Etí yín náà ò ṣe nǹkan. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí báyìí. Wọn kì í fẹ́ kí òṣèré gbóhùn sókè, kó lè jọ òótọ́. Wọ́n á wá da orin lé e."

"Ṣé o ò lè yọ orin náà kúrò?"

"Iyọ̀ tó ti yọ́ sínú ọbẹ̀, ta ló lè ṣà á? Àfi kí ẹ bi ẹni tó ṣe fíìmù náà. Ó lè ní ohùn nìkan lọ́wọ́."

Berthe ní nọ́ńbà Armel, ẹni tó ṣe fíìmù náà, nítorí ó wá síbi ìsìnkú. Ó pè é níbẹ̀. Èdè Ẹ̀gùn ni wọ́n jọ sọ.

"Mo rántí ọjọ́ náà, Màmá," ni Armel wí. "Faransé la kọ fún un. Ó ní ṣé òun lè fi èdè ilé òun sọ ọ́. Nígbà tó ṣe tán, mo sunkún."

"Kí ló sọ?"

"Mi ò gbọ́ èdè yín, Màmá. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ nínú wa. Ohun tó wà nínú ìwé la kọ sísàlẹ̀."

"Ẹ ò sì bi í?"

"Mo rò pé ọ̀kan náà ni. Mo sì rò pé a ṣì máa ríra."

"Ohùn nìkan ńkọ́?"

"Ẹ̀rọ tí a kó o pamọ́ sí ti jóná. Mo gbé e dé Àjàṣẹ́, wọn ò rí nǹkan kan yọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí."

Lórí zẹ́mì tó gbé e padà sí Sakété, Berthe ń ro ohun tó máa sọ fún ọkọ rẹ̀. Kò le. "Ó ní kí ẹ má bínú sí òun." Ta ni yóò já a ní irọ́? Ó sọ ọ́ sínú ara rẹ̀ títí ó fi rọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Léon wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti wẹ̀, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tó máa ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, bẹ́ẹ̀ Ọjọ́bọ̀ ni. Ó dìde.

"Ó dárúkọ mi?"

Berthe wo ojú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí òun bá fi sẹ́nu ọmọ náà báyìí, ọ̀rọ̀ yẹn ni Léon yóò máa gbọ́ títí ayé. Kò tún ní wá ti Fabiola gan-an mọ́.

"Ó ní 'Bàbá'," ni Berthe wí. "N kò gbọ́ èyí tó kù. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ, ẹni tó ṣe fíìmù náà pàápàá ò gbọ́. Kò tún sí bí a ṣe lè gbọ́ ọ mọ́."

Léon rọra jókòó padà.

"O ì bá ti purọ́ fún mi."

"Ó wà lẹ́nu mi nígbà tí mo sọ̀kalẹ̀ lórí zẹ́mì."

Léon mi orí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó tú méjì. Berthe lóṣòó níwájú rẹ̀, ó sì bá a tú ìyókù.