Wáyà Mẹ́ta Lórí Ìka

“Gbé tọ́ọ̀ṣì yẹn sókè! Àbí ọwọ́ ẹ ti kú ni?”

Mẹkáníìkì tí wọ́n ń pè ní Ọ̀gá Sítátà ló ń jágbe bẹ́ẹ̀ mọ́ ìyàwó rẹ̀. Àwọn méjèèjì lóṣòó sí ẹ̀yìn ọkọ̀ ojú omi kan tí wọ́n so mọ́ èbúté. Wọ́n ti ṣí ìdérí ẹ́ńjìnnì rẹ̀, ìfun ẹ́ńjìnnì sì wà níta gbangba. Lórí pákó èbúté, àwọn èrò tó fẹ́ sọdá ti jókòó lé ẹrù wọn, wọ́n ń wòran. Obìnrin náà gbé tọ́ọ̀ṣì sókè. Ọ̀sán gangan ni o, ṣùgbọ́n inú ẹ́ńjìnnì ṣókùnkùn, tọ́ọ̀ṣì yìí náà sì ni àwáwí tó fi ń dúró ti ọkọ rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́.

“Obìnrin!” Ọ̀gá Sítátà yíjú sí ọlọ́kọ̀ tó dúró tì wọ́n, ó rẹ́rìn-ín. “Ẹ rán wọn níṣẹ́ kékeré, wọ́n á sọ ọ́ di ńlá. Tọ́ọ̀ṣì lásán lèyí ń dì mú láti àárọ̀, ó ti rẹ̀ ẹ́.”

Ọlọ́kọ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ọkọ̀ rẹ̀ pọ̀ ní èbúté yẹn, ó sì ń wá mẹkáníìkì kan ṣoṣo tí yóò máa bójú tó gbogbo wọn, tí yóò sì máa gbé inú yàrá tó wà lẹ́yìn ọ́fíìsì. Ó ti là á mọ́lẹ̀: ẹni tó bá mú kí ẹ́ńjìnnì yìí ṣiṣẹ́ lónìí ló gba iṣẹ́.

Ohun tí kò mọ̀ ni pé ojú Ọ̀gá Sítátà ti ń ṣe bàìbàì láti bí ọdún mẹ́ta. Ó ń rí ènìyàn, ó ń rí ọ̀nà, ṣùgbọ́n àwọ̀ ti sá kúrò lójú rẹ̀. Wáyà pupa ni o, dúdú ni o, yẹ́lò ni o, eérú ni gbogbo wọn. Mẹkáníìkì tí kò mọ pupa yàtọ̀ sí dúdú, kí ló fẹ́ fi wáyà ṣe? Bí ẹnikẹ́ni bá gbọ́, iṣẹ́ parí nìyẹn. Ìyàwó rẹ̀ nìkan ló mọ̀, òun ló sì di ojú fún un. Bí ọkùnrin náà bá ti ki ọwọ́ bọ inú ẹ́ńjìnnì tó la àtẹ́lẹwọ́, obìnrin náà á fi ọwọ́ kan di tọ́ọ̀ṣì mú, á fi ìkejì to wáyà sí i lọ́wọ́: pupa tó ń bọ̀ láti ìdí bátìrì lórí àtàǹpàkò, yẹ́lò tó ń gbé iná fún sítátà tó ń yí ẹ́ńjìnnì lórí ìka tó tẹ̀ lé e, dúdú, tí kò gbọdọ̀ fara kan pupa, lórí ìka àárín. Ìyókù, ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ká má purọ́ mọ́ ọn, ọkùnrin náà mọ iṣẹ́.

Èébú náà wà nínú àdéhùn wọn. “Bí mo bá ń bú ẹ, kò sẹ́ni tó máa fura pé ìwọ lò ń ràn mí lọ́wọ́,” ló wí nígbà náà, obìnrin náà sì gbà. Lákọ̀ọ́kọ́, bí wọ́n bá délé, á bẹ̀ ẹ́, á kí i, á ki oríkì rẹ̀. Nígbà tó yá, ẹ̀bẹ̀ tán, èébú kù.

“Ẹ bá mi yí kọ́kọ́rọ́, sà.”

Ọlọ́kọ̀ yí i. Ẹ́ńjìnnì dákẹ́ jẹ́ẹ́, kò tilẹ̀ dún “tá”.

“Ó dáa,” Ọ̀gá Sítátà ní. “Mo ti dán bátìrì wò, ó yó. Fíúsì kò já. Jíà kò wọlé, torí bó bá wọlé, sítátà kò ní gbà láti yí. Ó wá ku wáyà tó ń ti ìdí kọ́kọ́rọ́ bọ̀. Màá tú ẹnu àwọn wáyà, màá fi pupa kan yẹ́lò fírí, kí sítátà gba iná tààrà. Bó bá yí, ara sítátà le, inú wáyà kọ́kọ́rọ́ yẹn ni àìsàn wà. Omi iyọ̀ á ti jẹ ẹ́.”

Ọlọ́kọ̀ mi orí, ó dùn mọ́ ọn. “Ọ̀rọ̀ ẹ ní làákàyè. Bí ọwọ́ ẹ bá rí bí ẹnu ẹ, a jẹ́ pé mo ti rí ẹni tí mò ń wá. Mo ti ní kí wọ́n kun yàrá yẹn. Ó máa gba ìwọ àti ìyàwó tuntun dáadáa. Ṣé oṣù tó ń bọ̀ náà lẹ ṣì fẹ́ ṣe ìgbéyàwó?”

Obìnrin náà yí tọ́ọ̀ṣì kúrò nínú ẹ́ńjìnnì sí ojú ọkọ rẹ̀.

“Ìyàwó tuntun wo?” ó béèrè. Ohùn rẹ̀ kò ròkè.

Ọlọ́kọ̀ wò ó, ó tún wo Ọ̀gá Sítátà. “Háà! Ìyàwó ẹ lèyí? Èmi rò pé ẹni tó ń bá ẹ ṣiṣẹ́ ni.”

Irọ́ kékeré kan ì bá tó o. Ṣùgbọ́n èrò ń wò, iṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sí Ọ̀gá Sítátà lọ́wọ́, ìwọ̀sí sì ti mọ́ ẹnu rẹ̀ lára.

“Ìyàwó àná ni, sà. Ilé ìyá rẹ̀ ló ń padà sí. Igi tí kò so, kí ni mo fẹ́ fi ṣe ní yàrá tuntun? Ọmọ tí mò ń gbé bọ̀ ti lóyún, ojú rẹ̀ sì mú bí abẹ́rẹ́.”

Ẹnìkan nínú èrò bú sẹ́rìn-ín.

“Ọ̀rọ̀ ilé yín nìyẹn,” ọlọ́kọ̀ ní. “Ìró ẹ́ńjìnnì ni kẹ́ ẹ jẹ́ kí n gbọ́.”

Oyún yẹn dun obìnrin náà. Igi tí kò so dùn ún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ojú tó mú bí abẹ́rẹ́ ló wọ̀ ọ́ lákínyẹmí ara. Ọkùnrin yìí ti lọ wá ojú mìíràn, bí ẹni pààrọ̀ gílóòbù.

“Tọ́ọ̀ṣì!” ọkọ rẹ̀ ní. Ó ti tú ẹnu wáyà. Ó ki ọwọ́ bọ inú ẹ́ńjìnnì, ó la àtẹ́lẹwọ́.

Obìnrin náà wo ọwọ́ náà. Nínú gbogbo ara ọkùnrin yìí, ọwọ́ yẹn nìkan ni kò bú u rí. Ó yọ pupa, ó gbé e lé àtàǹpàkò. Ó yọ dúdú. Kò kánjú, ó mọ ohun tó ń ṣe. Orí ìka tí yẹ́lò máa ń wà ló gbé dúdú lé.

Ọ̀gá Sítátà fi ìka kan ìka.

Iná bú yọ, èéfín sọ, ọkùnrin náà kígbe, ó fi ẹ̀yìn lélẹ̀ nínú ọkọ̀. Òórùn awọ tó jóná gba afẹ́fẹ́. Ọlọ́kọ̀ sáré já orí bátìrì.

“Pupa àti dúdú!” ó pariwo. “Pupa àti dúdú lo so pọ̀? Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lánàá kò jẹ́ dán an wò!”

Ọ̀gá Sítátà yíjú sí ìyàwó rẹ̀. Obìnrin náà rí i tó la ẹnu láti dá òun lẹ́bi. Bó bá ní ìyàwó òun ló gbé e lé òun lọ́wọ́, wọ́n á bi í pé ojú tiẹ̀ ńkọ́. Ó yíjú padà sí ọlọ́kọ̀.

“Àṣìṣe ni, sà.”

Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí: inú obìnrin náà dùn.

“Ó dáa, tún un ṣe,” ọlọ́kọ̀ ní. “Fa yẹ́lò yọ kí n rí i.”

Ọwọ́ tó jóná náà ń rá bàbà lórí àwọn wáyà. Ó kan ọ̀kan, ó fi í sílẹ̀, ó kan òmíràn. Nígbà tó sú u, ó rọ ohùn rẹ̀, ohun tí kò ṣe rí lójú èrò.

“Ìyàwó mi, jọ̀ọ́. Èwo ni?”

“Èwo ni kẹ̀?” Ọlọ́kọ̀ tẹjú mọ́ ọn. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fa wáyà kan sókè síwájú rẹ̀. “Àwọ̀ wo lèyí?”

Ọ̀gá Sítátà mú orí súnmọ́ wáyà náà. “Yẹ́lò.”

Dúdú ni. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ọlọ́kọ̀ rọra gba sípánà lọ́wọ́ rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ ọmọdé.

“Ìyàwó,” ó sọ fún obìnrin náà, “ẹ jọ̀ọ́, ẹ fa ọkọ yín lọ́wọ́ lọ sílé.”

Obìnrin náà pa tọ́ọ̀ṣì, ó gbé e sórí ìjókòó. “Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀, sà. Ẹni tó ni ín ń bọ̀.”

Ó gun orí pákó, èrò yà fún un. Kì í ṣe pé kò mọ̀ pé oúnjẹ tòun náà ló dà nù; láti ọdún mẹ́ta wá, kò níṣẹ́ mìíràn ju kó máa ríran fún ẹlòmíràn lọ. Ó ń gbọ́ tí ọkọ rẹ̀ ń pè é. Kó tó rìn dé òpin pákó, ó ti pinnu pé ẹrù ọkùnrin náà ni yóò kúrò nílé, kì í ṣe tòun. Ó yà sí ṣọ́ọ̀bù tó wà létí ọ̀nà, ó ní kí wọ́n fún òun ní àgádágodo kan, èyí tó lágbára.

“Kọ́kọ́rọ́ mélòó lẹ fẹ́ kó ní?” ọlọ́jà béèrè.

“Ẹyọ kan ti tó,” ó ní.