Hóró Kan Ṣoṣo

Abẹ́rẹ́ ti wà lọ́wọ́ Ṣìmí, ojú rẹ̀ sì lẹ̀ mọ́ maikirosikóòpù. Hóró kírísítálì kan ṣoṣo, tó dì bíi hóró iyọ̀, ló ń dán nínú ẹ̀kán omi tó wà lábẹ́ rẹ̀.

"Má fọwọ́ kàn án o," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéríbigbé, ọ̀gá rẹ̀, ti wí láàárọ̀, kó tó lọ kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. "Caroline máa gbé e wọ plane lọ́la. Tí wọ́n bá ti ta X-ray sí i lọ́hùn-ún, àá mọ bí ẹ́ńsáìmù yẹn ṣe rí." Caroline ni ẹnì kẹta wọn ní yàrá ìwádìí náà ní Yábàá.

Ẹ́ńsáìmù yìí ni yíìsì fi ń ṣe láísìn, èròjà ara kan tí àwa ènìyàn ń rí nínú oúnjẹ nìkan. Kòkòrò kan tó bá yíìsì tan ní irú rẹ̀ lára. Kòkòrò ọ̀hún ló jẹ ẹ̀dọ̀fóró Níyì, àbúrò Ṣìmí, títí ó fi kú ní ilé ìwòsàn Ìdí-Àràbà. Ẹni tó bá mọ bí ẹ́ńsáìmù náà ṣe rí lè wá oògùn tí yóò pa kòkòrò, tí kò ní pa aláìsàn. Látìgbà tí wọ́n ti sin Níyì ni Ṣìmí ti ń bá ẹ́ńsáìmù náà fà á.

Àwọn hóró yòókù ti yọ́ dànù nígbà tí iná lọ tí jẹnẹrétọ̀ kọ̀ tí kò tàn. Èyí nìkan ló kù. Ṣùgbọ́n lọ́dún tó kọjá, wọ́n fi hóró ránṣẹ́ sókè òkun, iyọ̀ inú omi lásán, tó dì tó jọ ọ́, ló já sí. Ìtìjú yẹn kò tíì kúrò lára Ṣìmí.

Bí abẹ́rẹ́ bá tẹ iyọ̀, á dún kẹ́. Ti ẹ́ńsáìmù rọ̀, kì í dún, ṣùgbọ́n á bàjẹ́. Àwọn tó ní púpọ̀ ló máa ń fi ọ̀kan dán an wò. Ṣìmí mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Iyọ̀ náà ni, ó wí nínú ọkàn rẹ̀. Ó sàn kí èmi kọ́kọ́ mọ̀.

Ó tẹ̀ ẹ́. Kò dún. Hóró náà tẹ̀ wọlé bí ẹ̀kọ tútù, ó sì túká sínú omi. 

Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n wọlé, ó rí abẹ́rẹ́. Ṣìmí ń retí èébú.

"Iyọ̀ náà ni, àbí?" Ọ̀jọ̀gbọ́n bi í jẹ́ẹ́.

"Rárá, sà. Òun gan-an ni."

Bàbá náà fa àga, ó sì jókòó.

"Mo ti sọ fún Caroline lánàá," ó ní, "pé kó má retí nǹkan kan."

Ṣìmí wò ó. Nínú àwọn tó ṣe hóró náà, kò sẹ́ni tó gbà pé kì í ṣe iyọ̀.