Kí Lo Rí sí I?

Ọládiméjì di apá àga mú. Ọ̀gá Kọ́ládé, olórí ọ́fíìsì rẹ̀, ti gbé ife sílẹ̀, ó sì ti kọjú sí Moyinolúwa, ọmọ Ọládiméjì, tó kúnlẹ̀ pẹ̀lú àwo ìpékeré lọ́wọ́.

"Lọ́yà kékeré! Bàbá ẹ ní gbogbo Sọ́ńdè lẹ máa ń gbọ́ ìròyìn, tí ẹ ó sì jọ jiyàn lórí ìjọba. Ó dáa, kí lo rí sí ẹ̀rọ omi tí a ṣe sí Alábàtà?"

Alábàtà ni ìyá Ọládiméjì ń gbé. Nígbà họlidé ni Moyin lọ síbẹ̀, tó fa apá ẹ̀rọ náà títí apá tirẹ̀ fi ń dùn ún, tí omi kò kán. Inú pálọ̀ yìí ló ti sọ ọ́, tí Ọládiméjì sì pàtẹ́wọ́ fún un, tó ní: "Má gbé e mì o! Ẹnu ẹni la fi ń kọ mi ò jẹ."

Ọ̀gá Kọ́ládé ló fọwọ́ sí i pé iṣẹ́ náà ti parí. Òun náà ni yóò fọwọ́ sí ìgbéga tí Ọládiméjì ti ń retí láti ìgbà tí ọmọ yìí ti wà ní pámárì. Lọ́la ni.

Fáànù ń yí, ooru ò lọ. Ó wo ilẹ̀kùn. Níbo lèèyàn ń sá gbà nínú pálọ̀ ara rẹ̀?

Moyin gbójú sókè sí i. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ọládiméjì ṣẹ́jú sí i, bí ìyá rẹ̀ ti máa ń ṣẹ́jú sí òun náà ní kékeré níwájú àlejò.

"Ó dáa, sà," ni Moyin wí. "Wọ́n fi ọ̀dà búlúù kùn ún. Ó rẹwà."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, ó bu ìpékeré. "Ẹ̀n-ẹ́n! Diméjì, o kọ́ ọmọ yìí dáadáa o."

"Ẹ ṣé, sà."

Nígbà tí mọ́tò ọ̀gá lọ tán, Ọládiméjì tan rédíò bí ìṣe wọn. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ àwọn tíṣà tó daṣẹ́ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí Moyin ì bá ti já gbà nìyẹn.

"Moyin, kí lo rí sí i?"

Ó ń kó ife. Ó dúró, ó kọ́kọ́ wo ojú bàbá rẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ sọdá títì ṣe ń wò bóyá ọkọ̀ ń bọ̀.

"Èwo lẹ fẹ́ kí n sọ, Dádì?"

Kò sí àfojúdi nínú ohùn rẹ̀. Ó ń béèrè ni.