Aago Tó ń Rẹ̀yìn ní Asawase

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Bàbá Sàláúdéènì ti pẹ́ kó tó pe ìrun Mọ̀gáríbì nínú asáámù yìí. Ìṣẹ́jú mẹ́fà, mẹ́jọ, mẹ́sàn-án! Fóònù wà lọ́wọ́ gbogbo jàmáà mọ́sálásí kékeré tó wà ní àdúgbò Asawase, ṣùgbọ́n ẹnu ládàánì ni wọ́n ń dúró dè kí wọ́n tó ṣínu. Wọ́n ní oorun àgbà ló ń gbé e lọ. Bó bá tún pẹ́ lónìí, Yaseer, ọ̀dọ́ kan nínú jàmáà, ni yóò gba iṣẹ́ tí Bàbá ti ń ṣe láti ogún ọdún. Ẹ ò rí nǹkan!

Ojú Bàbá kò ríran dáadáa mọ́, aago inú kọ̀ǹpútà mọ́sálásí ló máa ń dún fún un. Ló bá ránṣẹ́ pe ọmọ rẹ̀, Tòyíbàt, tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní àdúgbò Dichemso.

Tòyíbàt ká aṣọ funfun tí Bàbá fi bo ẹ̀rọ náà kúrò, ó sì tan án. Odidi wákàtí kan ló fi ń tẹ ibí, tó ń tẹ ọ̀hún. Aago pé, kò sí àbùkù.

"Bàbá, ẹ má bínú o. Ṣé kì í ṣe pé ẹ máa ń tòògbé lóòótọ́?"

Bàbá fara ti ògiri, ó kọ̀, kò jókòó.

Nígbà tí wọ́n ń lọ kírun Àlàásárì, ó da aṣọ bo ẹ̀rọ náà. "Má fọwọ́ kàn án mọ́. Jẹ́ kó sinmi."

Wọ́n padà dé, Tòyíbàt ṣí aṣọ. Háà! Aago ti fi ìṣẹ́jú méjì rẹ̀yìn.

Sinmi kẹ̀! Àṣé bí ẹnikẹ́ni ò bá fọwọ́ kàn án, ọpọlọ ẹ̀rọ náà á máa sùn díẹ̀díẹ̀ nítorí àtidín iná kù, á tún jí fúnra rẹ̀, aago tó ń kà yóò sì dúró nígbà tó bá ń sùn. Bó bá jí, ibi tó ti sùn ló ti ń kà lọ. Nígbà tí Tòyíbàt ń tẹ̀ ẹ́, kò ráyè sùn ni. Tòyíbàt wọ inú ètò rẹ̀, ó dínà oorun náà, ó tún aago tò, ó sì da aṣọ bò ó padà. Ó wá ku kí wọ́n dúró de Mọ̀gáríbì.

"Ẹ jókòó ná, Bàbá."

"Rárá. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ní mo ń sùn, orí ìdúró ni mo máa ń wà láti ọ̀sán. Èmi náà ti fẹ́ gbà wọ́n gbọ́."

Omi bọ́ lójú Tòyíbàt. Òun ọmọ bíbí inú rẹ̀ náà sọ ọ́!

Aago dún. Ó bá ti fóònù mu géérégé. Bàbá pe ìrun, jàmáà nawọ́ sí èso dàbínù láti ṣínu. Tòyíbàt kúnlẹ̀.

"Ẹ forí jì mí, Bàbá. Ẹ̀rọ ló ń sùn, kì í ṣe ẹ̀yin."

"Wàláì?"

"Wàláì, Bàbá."

Bàbá mí kanlẹ̀. Ó ní kó bá òun fa àga wá.